Bí Ọwọ́ Bá Dúró Sójú Kan: Àlàyé fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Yíya Ara Ènìyàn

Ẹni tó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ara ènìyàn yóò dé ibì kan tí gbogbo rẹ̀ á tojú sú u. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ máa ń hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: apá tó rí bí igi tẹ́lẹ̀ ti ní ìgúnpá, orí ti jókòó dáadáa sórí ọrùn, ẹsẹ̀ ti ń tẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan á kàn dákẹ́. Ó ń yà lójoojúmọ́, bébà ń tán, àmọ́ àwòrán oṣù kẹfà kò yàtọ̀ sí ti oṣù kẹrin. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á dà bíi pé tuntun burú ju ti àtijọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, tí wọ́n á ní ẹ̀bùn àbínibí niṣẹ́ náà, wọn ò sì bí i mọ́ àwọn.

Ìdúró yìí ní ìdí, ìdí náà sì ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá mọ èyí tó ń ṣe wá, a ó mọ ohun tó yẹ ká yí padà. Ohùn inú tó ń sọ pé "o ò mọ̀ ọ́n yà" náà ní ọ̀nà tí a lè gbà dá a lẹ́kun, tàbí ká fi í ṣiṣẹ́ gan-an. A ó sọ̀rọ̀ nípa méjèèjì pọ̀, torí wọn kì í pínyà.

Ojú máa ń ṣáájú ọwọ́

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú yíya ara ènìyàn. Ojú ní láti rí bí nǹkan ṣe rí: ibi tí èjìká wà, bí ìbàdí ṣe dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, iye ìgbà tí gígùn orí wọ inú gígùn ẹsẹ̀. Ọwọ́ ní láti fa ilà gba ibi tí ojú ní kó gbà. Méjèèjì kì í dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti ń wọn nǹkan fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àṣìṣe tí kò rí tẹ́lẹ̀ rárá, ọwọ́ á ṣì máa rìn bó ṣe ń rìn. Àwòrán náà kò burú ju ti àná. Ẹni tó ń wò ó ló ti mọ ohun tó yẹ kó wò.

Ẹ lè dán èyí wò nínú ilé. Ẹ mú àwòrán kan tí ẹ yà ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí inú yín dùn sí nígbà náà. Ẹ mú báírò pupa, kí ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sàmì sí gbogbo ibi tó ṣe àṣìṣe. Bí àmì bá ti pọ̀ lójú ibi tí ẹ kò rí nǹkan kan nígbà náà, ojú yín ti lọ síwájú. Ìdúró irú èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló ń mú kí àwọn tó ń tẹ̀ síwájú rò pé àwọn ń padà sẹ́yìn. Ohun tó bá a mu ni kí ẹ má yí nǹkan púpọ̀ padà. Ẹ máa yà lọ. Ẹ kàn jẹ́ kí àwòrán ojúmọ́ kúrú, kó sì pọ̀, kí ọwọ́ lè rí ìgbà púpọ̀ dán ohun tí ojú ti mọ̀ wò.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ sàmì sí ibi kan tàbí méjì péré, tí àwòrán òní àti ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jọra bí ìbejì, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé ojú ènìyàn lẹ máa ń kọ́kọ́ yà nígbà gbogbo? Ṣé ẹni tó kọjú sí yín, tó dúró ṣánṣán, nìkan lẹ ń yà? Ṣé ọwọ́ máa ń wà lẹ́yìn tàbí nínú àpò ṣòkòtò kí ẹ má bàa ya ìka? Ẹni tó ń ya ohun tó ti mọ̀ kò kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun, bó ti wù kó yà á tó. Ó ń mọ́ ọn lára ni, àwòrán rẹ̀ á sì máa mọ́ tónítóní, kò kàn ní dàgbà ni.

Irú ìdúró kẹta wà tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn ju gbogbo wọn lọ: ìgbà tí ọ̀nà tí à ń gbà yà á bá ti dé òpin ohun tó lè ṣe fún wa. Ẹni tó ń fa ilà ẹ̀bá ara láti orí dé ẹsẹ̀, tó ń tọ etí ara lọ bí ẹni tó ń tọ etí ògiri, lè ya ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá tẹ̀ síwájú tàbí yí ìbàdí padà, ọ̀nà yẹn kò ní gbà á mọ́. Ó di dandan kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti inú: igbáàyà bí ẹyin ńlá kan, ìbàdí bí àpótí kékeré, ọ̀pá ẹ̀yìn tó so wọ́n pọ̀, kí ẹsẹ̀ àti apá tó wá. Nígbà tó bá kọ́kọ́ yí ọ̀nà padà, àwòrán rẹ̀ yóò burú ní tòótọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má ṣe padà sí ọ̀nà àtijọ́ nítorí ìyẹn.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Bryan àti Harter, ti kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1897 àti 1899. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ tẹligíráàmù, ìyẹn fífi ìró ránṣẹ́ gba orí wáyà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ṣọ́. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ iṣẹ́ tó wọlé lè máa yára sí i fún ìgbà kan, kó wá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kó tó tún gbéra. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹni náà ṣì ń gbọ́. Kí ó tó lè máa gbọ́ odidi ọ̀rọ̀, lẹ́tà ní láti mọ́ ọn lára débi tí kò ní ronú sí i mọ́. Ìgbà tó dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ yẹn gan-an ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ìdúró náà máa ń hàn lára rẹ̀ kedere bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ yíya ara ènìyàn yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó ṣì ń ronú nípa ìka kọ̀ọ̀kan kò tíì lè rí odidi ọwọ́.

Kí ẹ tó bá ara yín wí, ẹ wo pátákó

Àṣìṣe kan wà tí a máa ń gbé sórí ara wa, tó sì jẹ́ pé tábìlì ló fà á. Bí bébà bá tẹ́ sílẹ̀ gbalaja lórí tábìlì, òkè rẹ̀ jìnnà sí ojú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tó wà lókè bébà máa ń kúrú lójú ẹni tó ń yà á, ọwọ́ á sì máa fà á gùn kí ó lè dára. Ìgbà tí a bá gbé bébà náà dìde la ó rí i pé orí àti àyà ti tóbi jù, ẹsẹ̀ ti kéré. Ọ̀pọ̀ ló ti fi oṣù púpọ̀ jà pẹ̀lú orí ńlá, tí wọn kò mọ̀ pé kí wọ́n kàn gbé bébà dúró ni.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, kí ó gé páálì onígi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún yín, tó fẹ̀ ní íńṣì 18, tó gùn ní íńṣì 24. Kílíìpù méjì á di bébà mú lórí rẹ̀. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé itan, kí òkè rẹ̀ fara ti etí tábìlì tàbí ẹ̀yìn àga, kí bébà lè kọjú sí yín tààrà. Bébà A4 tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ti tó. Rímù kan ní bébà 500, kò sì ní dùn yín láti ba á jẹ́. Ìyẹn ṣe pàtàkì. Ìwé ìyàwòrán olówó gọbọi máa ń mú kí ọwọ́ wárìrì. Pẹ́ńsù 2B àti 4B ló yẹ. HB le jù fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà kí ilà lè dúdú.

Ọ̀nà tí ẹ gbà di pẹ́ńsù mú náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú bí ìgbà tí ẹ ń kọ̀wé, ọrùn ọwọ́ nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́, ilà kan ò sì ní lè gùn ju ìka ọwọ́ lọ kí ó tó já. Ìdí nìyẹn tí ilà fi máa ń rí bí irun, wínníwínní. Ẹ jẹ́ kí pẹ́ńsù wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí èjìká máa darí apá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lójúmọ́, ẹ fa ilà gígùn mẹ́wàá láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró.

Ìwọ̀n tó yẹ kó wà lórí

Orí ni òṣùwọ̀n. Àgbàlagbà tó dúró ṣánṣán máa ń ga tó orí méje àbọ̀, láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Àwọn ayàwòrán púpọ̀ ń lo mẹ́jọ nítorí ó rọrùn láti pín. Nínú mẹ́jọ yẹn, àgbọ̀n wà ní òpin ìkínní, orí ọmú ní òpin ìkejì, ìdodo ní òpin ìkẹta, ibi tí itan méjèèjì ti pàdé ní òpin ìkẹrin. Ìyẹn ni ìdajì ara. Ìsàlẹ̀ orúnkún bọ́ sí òpin ìkẹfà. Bí apá bá rọ̀ sílẹ̀, ìgúnpá á wà ní ìbámu pẹ̀lú ìdodo tàbí díẹ̀ lókè rẹ̀, ọrùn ọwọ́ á wà ní ìbámu pẹ̀lú ìdajì ara, ìka á kan àárín itan. Àtẹ́lẹsẹ̀ gùn tó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ojú wà ní àárín orí gan-an, kò wà lókè bí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń fi í sí. Ọmọ ọdún kan ga tó nǹkan bí orí mẹ́rin péré, ìdí nìyẹn tí ọmọdé tí a fi ìwọ̀n àgbàlagbà yà fi máa ń dà bí àgbàlagbà ràrá.

Ẹni tó dàgbà láàárín ère ìbílẹ̀ wa á ti rí i pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, orí tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara. Àwọn agbẹ́gilére kò ṣe àṣìṣe. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbé ga. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n yàn án. Ẹni tí orí àwòrán rẹ̀ tóbi láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì yan nǹkan kan, àti pé ìgbà tó bá lè ya orí bó ṣe rí ló tó lè yàn láti ya á tóbi.

Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí wúlò fún ẹni tó dúró. Bí ẹni náà bá jókòó, tó tẹ̀ ba, tàbí tó na ẹsẹ̀ sí wa, wọ́n lè ṣì wá lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká wo ọlọ́kadà kan tó ń retí èrò ní Lagos Garage ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó jókòó lórí máṣíìnì, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀, orúnkún rẹ̀ kọjú sí wa gan-an. Ẹni tó ń yà á mọ̀ pé itan gùn tó orí méjì, ó sì yà á ní orí méjì. Ọlọ́kadà á wá dà bí ẹni tó fẹ́ yọ̀ ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ á pa á rẹ́, á tún un yà ní orí méjì, á tún pa á rẹ́, bébà á ya, á wá ní, "Èmi ò mọ ẹsẹ̀ yà." Ó mọ ẹsẹ̀ yà. Ohun tó mọ̀ nípa itan ló ń yà dípò èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe rèé. Ẹ na apá tán, kí ìgúnpá má tẹ̀ rárá, torí bó bá tẹ̀ díẹ̀ ìwọ̀n á yí padà. Ẹ di ojú kan. Ẹ gbé pẹ́ńsù dúró, kí ẹnu rẹ̀ wà ní ìbámu pẹ̀lú àtàrí ọlọ́kadà, kí èékánná àtàǹpàkò wà níbi àgbọ̀n. Ìwọ̀n orí nìyẹn. Ẹ má yí èékánná kúrò, kí ẹ gbé pẹ́ńsù lọ sí itan tó kọjú sí yín, láti ìbàdí dé orúnkún. Ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ tó orí kan. Ẹ kọ ọ́ sí etí bébà: "itan ọ̀tún, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin orí." Ó máa ṣòro fún ọpọlọ láti gbà, ẹ yà á bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àlàfo. Láàárín apá rẹ̀, ara rẹ̀ àti ọwọ́ máṣíìnì, onígun mẹ́ta kan wà tí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀. Ẹ ya onígun mẹ́ta yẹn. Ọpọlọ kò ní èrò kankan nípa bó ṣe yẹ kí afẹ́fẹ́ rí, nítorí náà kò ní bá ojú jiyàn. Bí àlàfo bá bọ́ sí i, apá ti bọ́ sí i nìyẹn. Ní ìparí, ẹ so òkúta kékeré mọ́ òwú, bíi ti okùn tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró, kí ẹ mú un rọ̀ láti iwájú ojú yín kí ó gba àgbọ̀n ọlọ́kadà kọjá sílẹ̀. Ẹ wo ibi tó kàn nísàlẹ̀. Ẹ fa irú ilà bẹ́ẹ̀ sórí àwòrán yín, kí ẹ wò ó bóyá ó kan ibi kan náà.

Fún ẹni tó dúró, òwú kan náà ń sọ ohun mìíràn. Bí ènìyàn bá gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọrùn máa ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ yẹn. Ìbàdí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á gbéra sókè, èjìká ẹ̀gbẹ́ kan náà á rọ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá fi ìbàdí àti èjìká sí ìdọ́gba, àwòrán á le gan-an bí ẹni tí wọ́n dè mọ́gi, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jọ ẹni náà délẹ̀.

Ta lẹ ó yà?

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ ni wọ́n ń yà ní kíláàsì. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kò rọrùn láti rí ẹni tí yóò ṣe é, kò sì pọn dandan. Àbúrò yín tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ti tó. Dígí gígùn ti tó. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé á fi itan àti ojúgun hàn yín lọ́nà tí fọ́tò kankan kò lè gbà fi hàn.

Àmọ́ ibi tó dára jù fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sójú kan ni ibi tí ènìyàn ti ń ṣe ohun kan náà léraléra. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ìyá tó ń yan án jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, kò kọjú sí iná tààrà, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọwọ́ kejì sì sábà máa ń wà lórí itan. Ó ń tẹ gàrí mọ́ agbada, ó ń fà á bọ̀, ó ń yí i, ó sì ń yí ojú kúrò fún èéfín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdúró mẹ́ta péré ni, wọ́n sì ń padà wá. Ẹ pín bébà sí mẹ́ta. Nígbà tó bá na ọwọ́, ẹ ṣiṣẹ́ lórí àwòrán kìíní. Bó bá fà á bọ̀, ẹ bọ́ sí ìkejì. Bó bá yíjú, ìkẹta. Ẹ kò ní láti sọ pé kó dúró. Bí ìṣẹ́jú 20 bá fi máa pé, ẹ ó ti ní ènìyàn mẹ́ta lórí bébà kan, gbogbo wọn á sì máa ṣiṣẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ilà tó ti ìdí gòkè lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Ó máa ń tẹ̀ síwájú nígbà tí apá bá nà, ó sì máa ń nàró nígbà tó bá fà bọ̀. Ẹ wo èjìká ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́: kò dúró sójú kan, odidi egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń yọ̀ lọ síwájú pẹ̀lú apá. Apá kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò tún ní ya apá bíi pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ àyà.

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó jókòó. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwòrán ni mò ń kọ́, mo fẹ́ fi bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ́ ọ díẹ̀. Mi ò ní ya fọ́tò yín." Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá gbà, ẹ fi àwòrán hàn wọ́n kí ẹ tó dìde.

Aṣọ ńlá ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé máa ń kún orí fóònù, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sì fẹ́ ya agbádá. Agbádá bo ara, ṣùgbọ́n ara ló gbé e dúró. Ẹ kọ́kọ́ wá èjìká méjèèjì, ìgúnpá méjèèjì àti orúnkún méjèèjì. Ibẹ̀ ni aṣọ ti fà, ibẹ̀ náà ni ìṣẹ́po rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àmì kékeré sí wọn kí ẹ tó fa ìṣẹ́po kankan. Bí ẹ bá sì máa ya fọ́tò fúnra yín láti fi kọ́ṣẹ́, ẹ dúró jìnnà tó mítà mẹ́ta ó kéré tán. Kámẹ́rà fóònù tó bá sún mọ́ ènìyàn jù máa ń sọ ohun tó wà nítòsí rẹ̀ di ńlá.

Ohùn inú

Ìbáwí tí kò dárúkọ ẹ̀yà ara kankan kò kọ́ ọwọ́ ní nǹkan kan. "Mi ò mọ̀ ọ́n yà" kò sọ ohun tí a ó ṣe lọ́la. "Èjìká òsì ga jù, bí ìdá kan nínú mẹ́rin orí" sọ ọ́. Ojú kan náà ló rí méjèèjì, àìdùn inú kan náà ló sì wà nídìí wọn, àmọ́ ọ̀kan ṣeé tún ṣe. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú: gbogbo ìbáwí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà ara, ìhà tó yẹ̀ sí, àti ìwọ̀n. Èyí tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì dá a lóhùn.

Àsìkò rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń yà tó sì ń dájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní ṣe ìkankan dáadáa. Nígbà tí ẹ bá ń yà, ẹ gbé kílínà síbi tí ọwọ́ kò lè tó, ó kéré tán fún ìdajì àsìkò náà. Ilà tí kò dára, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ fa èyí tó dára jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilà àkọ́kọ́ á jẹ́ kí ẹ mọ ìwọ̀n tí ẹ fi ṣì í. Bí ẹ bá parí, ẹ dojú bébà dé. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ wò ó, nínú dígí, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ yí i sódì lórí fóònù. Ojú ti mọ àwòrán náà mọ́ra nígbà tí à ń yà á, kì í rí bó ṣe dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mọ́. Bó bá yí sódì, á di tuntun lójú. Ẹ kọ àṣìṣe mẹ́ta sẹ́yìn bébà náà, àti ibì kan tó dára, pẹ̀lú ìdí tó fi dára. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ mú ẹyọ kan fún iṣẹ́ òní. Ẹ fi méjì tó kù sílẹ̀.

Àwọn kan gbà pé bí àwọn kò bá le mọ́ ara àwọn, àwọn á di ọ̀lẹ. Breines àti Chen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, dán ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2012. Òdì kejì ni wọ́n rí: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi àánú wo àṣìṣe ara wọn ló túbọ̀ ní ìfẹ́ láti tún un ṣe. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí àṣìṣe kò bà lẹ́rù ló lè tẹjú mọ́ ọn pẹ́ tó láti wọ̀n ọ́n.

Ìbáwí tún máa ń ti ọ̀dọ̀ ará ilé wá. "Ta nìyí? Kò jọ ọ́." Ohun tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ náà ń wò ni ìjọra ojú, nígbà tó jẹ́ pé bí ara ṣe dúró lẹ̀yin ń kọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ fún un ní ìbéèrè tó lè dáhùn: "Ẹ bá mi wò ó, ẹsẹ̀ wo ló gbé ara lé?" Ìdáhùn rẹ̀ á wúlò, kódà bí kò bá mọ ohunkóhun nípa àwòrán.

Ti fóònù ló sì le jù. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi pẹ́ńsù tàbí báírò ya ojú ènìyàn débi tó fi jọ fọ́tò ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n láti inú fọ́tò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń yà á, wọ́n á pín in sí àpótí kéékèèké, wọ́n á sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹyọ kan. Ẹ kò lè gbé àwòrán ìṣẹ́jú méjì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ wá máa sunkún. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi ara yín wé nǹkan kan, àwòrán tí ẹ̀yin fúnra yín yà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni kó jẹ́, níwọ̀n ìṣẹ́jú kan náà.

Ẹni tó bá sì rò pé ó ti pẹ́ jù fún òun, kí ó wo Àìná Ọnàbólú, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ; àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó ló ń wò yà, ó sì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Èkó. Ní 1906 ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, tó di olókìkí títí di òní. Síbẹ̀, ní 1920, lẹ́ni ọdún bíi 38, ó wọkọ̀ lọ sí London láti lọ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ohun tó ti mọ̀ kò tó o. Ó padà dé ní 1922, ó sì di olùkọ́ ìyàwòrán láwọn ilé ẹ̀kọ́ Èkó.

Ọ̀sẹ̀ méjì láti fi já a

Fún ẹni tó ti dúró sójú kan, ìṣẹ́jú 35 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì, sàn ju wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé. Àwòrán mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀, márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹyọ kan fún ìṣẹ́jú 20. Láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kò sí àyè fún ojú àti imú, ìdí nìyẹn tó fi dára: ẹ ó fi tipátipá yan ilà kan tó gba gbogbo ara kọjá. Bó bá jẹ́ pé orí lẹ máa ń kọ́kọ́ yà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, kí ẹ mú báírò, tí kò ṣeé pa rẹ́, tàbí èédú, tó nípọn débi pé kò gba wínníwínní.

Ẹ kọ ọjọ́ sára gbogbo bébà. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ pé ọwọ́ ti gbéra ni pé irú àṣìṣe á yí padà: itan tó ń gùn jù á kúrò nínú ohun tí ẹ ń kọ sẹ́yìn bébà, ìka tàbí ọrùn ẹsẹ̀ á gba ipò rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí àṣìṣe kan náà ṣì wà lókè, yíyà nìkan kò ní yanjú rẹ̀. Ẹ lọ kọ́ nípa egungun ibẹ̀, tàbí kí ẹ gbé bébà mẹ́wàá lọ bá ẹni tó mọṣẹ́, kí ẹ sì bi í léèrè nípa ẹ̀yà ara kan ṣoṣo yẹn. Bó bá jẹ́ pé ara ló rẹ̀ yín, tí iná kò sí, tí ẹ ń yà nínú òkùnkùn bìrìbìrì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ lọ sùn, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn mẹ́wàá ti ààbọ̀ ìṣẹ́jú nìkan.